Ìtọ́jú Ẹja Gọ́pì: Bí A Ti Ń Mú Kí Ó Lera Kí Àwọ̀ Rẹ̀ Sì Máa Dán

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kì í ṣe ẹja tí a ń sè tàbí tí a ń yan nìkan ni ó lè mú owó wọlé. Ẹja kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í rà fún ọbẹ̀. Nítorí ẹwà rẹ̀ ni a ṣe ń rà á. Orúkọ rẹ̀ ni gọ́pì. Akọ rẹ̀ kì í sábà gùn ju sẹ̀ǹtímítà 3.5 lọ, abo lè tó sẹ̀ǹtímítà 6. Àwọn tí ń fẹ́ ohun ọ̀ṣọ́ sí yàrá ìgbàlejò tàbí sí ọ́fíìsì ni ń rà á sínú àpótí gíláàsì. Kò gba oko, kò gba adágún. Ẹni tí ó ní igun yàrá kan àti omi mímọ́ lè sìn ín.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti ra ẹja tí ó ń dán bí iná, tí ó sì di pé láàrin ọ̀sẹ̀ méjì àwọ̀ rẹ̀ ṣá, ó pa ìrù pọ̀, ó sì kú. Wọn a ní ẹja náà kò lágbára. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ kí òǹkàwé mú lọ nínú ìwé yìí: àwọ̀ ẹja ni ẹ̀rí ìtọ́jú rẹ̀. Omi búburú, oúnjẹ tí kò tọ́ àti ìran tí a kò ṣà, ara àwọ̀ ni gbogbo wọn ti ń kọ́kọ́ hàn. Àgbẹ̀ tí ó bá mọ bí a ti ń ka àwọ̀ yóò tètè rí ewu kí ikú tó dé.

1. IBI TÍ GỌ́PÌ TI WÁ

Apá àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà ni orírun ẹja yìí, ní ilẹ̀ Fẹnẹsúẹ́là àti Guyana, àti ní erékùṣù Trinidad. Ní ọdún 1859 ni onímọ̀ ará Jámánì kan, Wilhelm Peters, kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe rẹ̀ sínú ìwé. Ní 1866 ni a fi orúkọ Robert John Lechmere Guppy pè é, nítorí pé ọkùnrin yìí fi díẹ̀ nínú wọn ránṣẹ́ láti Trinidad sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Lọ́ńdọ̀nù. Láti ara orúkọ rẹ̀ ni a ti rí gọ́pì.

Odò kéékèèké tí omi rẹ̀ lọ́wọ́ọ́rọ́ ni ẹja náà ń gbé níbẹ̀. Omi tí ooru rẹ̀ wà láàrin 22°C àti 28°C bá a lára mu, nítorí náà ojú ọjọ́ Àkúrẹ́ àti Oǹdó kò ṣe àjèjì sí i. Àkókò ọyẹ́ nìkan ni ó yẹ kí a ṣọ́ra, nígbà tí òru bá tutù. Ní àsìkò náà, ẹ gbé àpótí kúrò lójú fèrèsé, kí ẹ sì fi ìdérí bò ó.

2. OMI NI Ẹ̀MÍ ẸJA

Inú omi tí ẹja ń mí náà ni ó ń ṣu sí. Láti inú ìgbẹ́ rẹ̀ àti oúnjẹ àjẹkù ni májèlé kan ti ń jáde tí à ń pè ní amóníà. A kì í fi ojú rí i. Omi lè mọ́ gaara kí ó sì ti kún fún un. Ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tí ń sọ májèlé yìí di ohun tí kò lágbára púpọ̀ mọ́. Ara òkúta, ara iyanrìn àti inú asẹ́ omi ni wọ́n ń gbé. Wọn kì í pọ̀ tó lọ́jọ́ kan. Ó ń gbà wọ́n tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 nínú àpótí tuntun.

Ẹ jẹ́ kí a fi àgbẹ̀ méjì ṣe àpẹẹrẹ. Ká sọ pé àwọn méjèèjì ra ẹja mẹ́wàá mẹ́wàá lọ́jọ́ kan náà. Èkíní da omi ẹ̀rọ sínú àpótí ní òwúrọ̀, ó kó ẹja sí i ní ọ̀sán, ó fún wọn ní oúnjẹ lẹ́ẹ̀márùn-ún kí alẹ́ tó lẹ́. Nígbà tí omi rú, ó dà á nù pátápátá, ó fọ òkúta pẹ̀lú ọṣẹ, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Èkejì gbé omi kalẹ̀ kí ó tó lò ó, ó tọrọ òkúta díẹ̀ láti inú àpótí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ẹja rẹ̀ lera, ó kó ẹja mẹ́ta péré sí i, ó sì ní sùúrù fún oṣù kan àti ààbọ̀ kí ó tó kó àwọn yòókù láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó bá a tọ́jú wọn. Owó kan náà ni wọ́n ná. Èkíní ṣiṣẹ́ ju èkejì lọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni ó pa ẹja rẹ̀, nítorí pé ó ń fọ àwọn kòkòrò tí ì bá gbà wọ́n dànù.

Àwọn òfin omi nìyí:

(a) Omi ẹ̀rọ ìjọba ní kílórínì nínú, èyí tí ó dára fún ènìyàn ṣùgbọ́n tí ó ń pa ẹja. Ẹ pọn ọ́n sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́nu gbòòrò, ẹ fi àwọ̀n tín-ín-rín bò ó nítorí ẹ̀fọn, ẹ sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24 ó kéré tán kí kílórínì lè fò lọ.

(b) Omi tí a fi ẹ̀rọ fà láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ kì í ní atẹ́gùn púpọ̀ nínú. Ẹ máa dà á láti inú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan sí òmíràn ní ìgbà mélòó kan, kí ẹ sì jẹ́ kí ó dúró di ọjọ́ kejì.

(d) Ẹ má ṣe lo omi kànga tí a ti fi álọ́ọ̀mù sí kí ó lè tòrò. Álọ́ọ̀mù a máa mú kí omi kan, gọ́pì kò sì fẹ́ omi kíkan.

(e) Gọ́pì fẹ́ omi tí ó ní ẹfun díẹ̀. Bí omi yín bá jẹ́ èyí tí ọṣẹ ń tètè hó nínú rẹ̀, ẹ fi ìkarahun ìgbín kan tí ẹ ti sè tí ẹ sì ti fọ̀ mọ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí. Yóò máa yòrò díẹ̀díẹ̀.

(ẹ) Ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ yọ ìdá mẹ́rin omi kan, kí ẹ sì fi omi tí a ti gbé kalẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ẹ má ṣe pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Inú omi tí ẹ yọ yìí ni kí ẹ ti fọ asẹ́. Ẹ má ṣe fi omi ẹ̀rọ tàbí ọṣẹ fọ̀ ọ́.

3. ÀPÓTÍ ÀTI IYE ẸJA

Àpótí tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tí ó fẹ̀ ní 30, tí a sì pọn omi sí dé sẹ̀ǹtímítà 25 yóò gba lítà 45. Omi náà nìkan wúwo tó kílógíráàmù 45, nítorí náà tábìlì tí yóò gbé e gbọ́dọ̀ lágbára. Ẹja mẹ́rìnlá tí ó ti dàgbà tó fún un: akọ mẹ́rin àti abo mẹ́wàá. Akọ gọ́pì kì í jẹ́ kí abo sinmi. Bí akọ bá pọ̀ jù, wọn yóò lé abo títí tí yóò fi rù.

Ẹ má ṣe gbé àpótí sí ibi tí oòrùn ti ń ràn tààrà, kí omi má bàa gbóná kí ó sì di àwọ̀ ewé. Ìmọ́lẹ̀ wákàtí 8 sí 10 lójúmọ́ tó. Ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ tí àwọ̀ rẹ̀ ṣókùnkùn tẹ́ ìsàlẹ̀, nítorí pé lórí ilẹ̀ funfun ẹja a máa mú àwọ̀ ara rẹ̀ rọ̀.

Oògùn ẹ̀fọn tí a ń fọ́n nínú yàrá jẹ́ ikú fún ẹja. Ilé tí a bá ti ń sin gọ́pì, ẹ má ṣe fọ́n ọn nínú yàrá náà. Bí ó bá di dandan, ẹ kọ́kọ́ gbé ẹja jáde.

Nígbà tí iná mànàmáná bá lọ, ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi yóò dákẹ́. Ẹ má ṣe fún ẹja ní oúnjẹ títí iná yóò fi dé. Ẹ máa fi igbá bu omi àpótí, kí ẹ sì máa dà á padà láti òkè díẹ̀. Èyí ń gbé atẹ́gùn wọ inú omi. Àpótí tí ẹja inú rẹ̀ kò pọ̀ lè fara da òru kan láìsí iná. Àpótí tí ó há kò lè ṣe é.

4. OÚNJẸ TÍ Ń MÚ ÀWỌ̀ YỌ

Oríṣi àwọ̀ mẹ́ta ni ó wà lára gọ́pì. Dúdú, ẹja fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe é. Búlúù àti èyí tí ń kọ mànà, ìmọ́lẹ̀ tí ń padà láti ara rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n pupa rúsúrúsú àti àwọ̀ ìyeyè, ẹja kò lè dá wọn ṣe. Púpọ̀ nínú wọn ti inú oúnjẹ wá. Ohun tí ó sọ epo pupa di pupa, tí ó sì mú inú ìbẹ́pẹ pọ́n, òun náà ni ẹja ń jẹ tí ó fi ń pọ́n. Kárótínọ́ìdì ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Nínú odò Trinidad, láti ara ọbẹ̀dò tí ń hù lórí òkúta inú omi ni gọ́pì ti ń rí i, ẹja tí ó bá sì rí ọbẹ̀dò jẹ dáadáa ni àwọ̀ rẹ̀ ń tàn jù.

Ẹni tí ó wà ní Àkúrẹ́ kò ní láti wá ọbẹ̀dò kiri. Ohun tí ó nílò wà ní Ọjà Ọba, nítòsí ààfin Déjì, lórí àtẹ àwọn ìyá wa. Ẹ lè pò ó báyìí:

Edé gbígbẹ tí a gún kúnná, ìwọ̀n ṣíbí mẹ́rin. Edé náà kò gbọdọ̀ ní iyọ̀.
Ẹ̀wà tí a sè tí a sì lọ̀, ṣíbí méjì.
Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí a bọ̀ tí a sì gún, ṣíbí méjì.
Ìyẹ̀fun àgbàdo, ṣíbí kan, kí ó lè so ó pọ̀.
Epo pupa, ẹ̀kán méjì tàbí mẹ́ta péré.

Ẹ fi omi díẹ̀ rò ó lórí iná títí yóò fi ki. Ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ sá a ní ibòji títí yóò fi gbẹ, kí ẹ sì fi ọwọ́ rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́. Ẹnu gọ́pì kéré. Oúnjẹ tí ó bá tóbi ju orí abẹ́rẹ́ aláṣọ lọ yóò rì, yóò sì jẹrà. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú ìgò tí a dé pa. Ẹ má ṣe dà epo sínú omi rárá. Yóò bo ojú omi, atẹ́gùn kò sì ní rí ọ̀nà wọlé.

Ẹ fún wọn lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ìwọ̀n èyí tí wọ́n lè jẹ tán láàrin ìṣẹ́jú méjì. Ẹja tí ebi ń pa díẹ̀ kò ní kú. Oúnjẹ tí ó ṣẹ́kù ni ń pani.

Tanwíjí, ọmọ ẹ̀fọn tí ń jó nínú omi, jẹ́ oúnjẹ tí gọ́pì fẹ́ràn gidigidi. Bí ẹ bá rí i nínú omi mímọ́ tí ó dúró, ẹ fi asẹ́ kó o, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì fún ẹja. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kó o láti inú gọ́tà, ẹ má sì ṣe sin ín sílé, nítorí pé láàrin nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni yóò hu ìyẹ́ tí yóò sì di ẹ̀fọn. Kò sí èrè ẹja tí ó tó ibà ọmọ ẹni.

Àwọ̀ tuntun kì í yọ lọ́jọ́ kan. Ẹ jẹ́ kí ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹ tó ṣe ìdájọ́ oúnjẹ.

5. OHUN TÍ OÚNJẸ KÒ LÈ ṢE

Oúnjẹ ń mú àwọ̀ tí ó wà nínú ìran yọ. Kò lè dá èyí tí kò sí níbẹ̀. Ní 1922, Øjvind Winge, onímọ̀ ará Denmark, fi hàn pé púpọ̀ nínú àmì ara akọ gọ́pì ń ti ọwọ́ baba bọ́ sí ọwọ́ ọmọkùnrin. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ akọ aláwọ̀ rere gbọ́dọ̀ fi ojú ṣà baba wọn.

Ẹ̀kọ́ mìíràn wá láti ọwọ́ John Endler, tí ó kọ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1980. Ó rí i pé níbi tí ẹja apanijẹ bá pọ̀ sí, àwọn gọ́pì aláwọ̀ títàn ni a ń tètè rí jẹ, nítorí náà lẹ́yìn ìran mélòó kan àwọn tí ó kù kì í ní àmì púpọ̀ lára. Níbi tí kò bá sí apanijẹ, àmì àti àwọ̀ a máa pọ̀ sí i, nítorí pé akọ tí ó dára ni abo ń yàn. Ẹni tí ń ṣà ni ń dá ìran. Nínú àpótí yín, ẹ̀yin ni ẹ ń ṣà. Bí ẹ bá ta gbogbo akọ tí ó dára jù, tí ẹ sì fi àwọn tí oníbàárà kọ̀ sílẹ̀ láti bímọ, ẹ̀yin ni ẹ ń ba ìran yín jẹ́. Ẹ mú akọ mẹ́ta tí ó dára jù sọ́tọ̀ kí ọjà tó pé.

Àwọn kan a máa fi oògùn tí ń mú ara di ti akọ sínú omi kí abo lè ní àwọ̀ bí akọ. Ẹ má ṣe é. Irú abo bẹ́ẹ̀ lè má bímọ mọ́, oníbàárà tí ó rà á yóò sì mọ̀ pé a tan òun jẹ.

6. BÍBÍ ÀTI TÍTỌ́ ỌMỌ

Gọ́pì kì í yé ẹyin síta. Ọmọ ààyè ni ó ń bí, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin. Nígbà tí àmì dúdú tí ó wà ní ìparí ikùn abo bá ṣú tí ikùn náà sì rí bí àpótí, ìbí rẹ̀ ti sún mọ́ tòsí. Ó lè bí ogún ọmọ tàbí ọgbọ̀n, nígbà mìíràn ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ẹja ńlá a máa jẹ ọmọ, ìyá wọn pàápàá kò yọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ fi ojú oró tí a fọ̀ mọ́ dáadáa sórí omi. Inú gbòǹgbò rẹ̀ ni àwọn ọmọ yóò ti rí ibi sá sí.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, lẹbẹ abẹ́ ikùn akọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í di tín-ín-rín bí igi ìyọyín. Ẹ ya akọ kúrò lára abo ní àkókò náà. Abo tí ó bá ti gun akọ lẹ́ẹ̀kan lè fi irúgbìn rẹ̀ pamọ́ sínú ara fún oṣù púpọ̀, kí ó sì máa bí lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Bí a bá pẹ́ kí a tó yà wọ́n, a kò ní mọ baba ọmọ mọ́.

Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí abo mẹ́wàá bá bí ọgbọ̀n ọmọ ẹnìkọ̀ọ̀kan, ọ̀ọ́dúnrún ọmọ ni láàrin oṣù kan. Àpótí kan kò lè gbà wọ́n. Ẹ wá oníbàárà kí ẹ tó wá ọmọ ẹja.

7. ÀÌSÀN

Ẹja tí ó lera a máa ya ìrù rẹ̀ sílẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀. Bí ó bá pa ìrù pọ̀, tí ó ń mí sókè sódò lójú omi, tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ ń ṣá, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ ìdá mẹ́rin omi kan kí ẹ tó wá oògùn. Bí àmì funfun bí iyọ̀ bá bo ara rẹ̀, àìsàn tí ń ràn ni. Ẹ kó ojú oró kúrò, ẹ fi iyọ̀ gíráàmù 2 sí lítà omi kọ̀ọ̀kan, èyí tí í ṣe gíráàmù 90 fún lítà 45. Ẹ kọ́kọ́ yọ́ ọ nínú igbá, ẹ dà á sí i díẹ̀díẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta láàrin ọjọ́ kan, kí ẹ sì jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá.

Ẹja tuntun tí a bá rà gbọ́dọ̀ dá gbé fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán, pẹ̀lú àwọ̀n tirẹ̀. Ẹja aláìsàn kan tó láti sọ àpótí mẹ́wàá di òfìfo.

8. IṢẸ́ ẸGBẸ́

Nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ó sàn kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan di ìran àwọ̀ kan ṣoṣo mú ju kí gbogbo wọn máa da oríṣiríṣi pọ̀. Kí àwọn méjì tí ń sin ìran kan náà máa ṣe pàṣípààrọ̀ akọ láti ìgbà dé ìgbà, kí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò má bàa máa bá ara wọn bímọ títí tí ìran yóò fi di aláìlágbára. Kí ìwé kan wà tí a ń kọ ọjọ́ ìbí, iye ọmọ, iye tí ó kú àti ìdí rẹ̀ sí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ta ẹja tí ó ń ṣàìsàn ní orúkọ ẹgbẹ́. Ẹni kan lè fi bẹ́ẹ̀ ba ọjà gbogbo wọn jẹ́. Ẹ̀ka ìmọ̀ ẹja wà ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àkúrẹ́, tí a dá sílẹ̀ ní 1981; ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ lè gbé ìbéèrè tí ó bá ju agbára rẹ̀ lọ.

9. Ẹ MÁ ṢE DÀ Á SÍ ODÒ

Èyí tí ó kẹ́yìn ni ó wúwo jù. Bí ẹja bá pọ̀ jù, tàbí bí iṣẹ́ bá sú yín, ẹ má ṣe da gọ́pì sí Odò Àlà, sí adágún tàbí sí gọ́tà. Ẹyọ abo kan tí ó lóyún tó láti dá ìlú sílẹ̀. Gọ́pì ti ń gbé inú ojú àgbàrá ní Èkó; àwọn onímọ̀ Yunifásítì Èkó kọ ìwádìí jáde ní 2012 lórí ohun tí ó ń jẹ níbẹ̀. Ẹja tí kò sí ní odò wa tẹ́lẹ̀ lè bá ọmọ ẹja wa du oúnjẹ, kí ó sì jẹ ẹyin wọn, a kò sì lè kó o kúrò mọ́. Omi tí ẹ yọ nínú àpótí, ẹ dà á sí ìdí ọ̀gbìn, yóò ṣe é ní oore. Ẹja tí ó pọ̀ jù, ẹ fún ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn.

ÀKÓPỌ̀

Ní òwúrọ̀: ẹ wo àwọ̀ àti ìrù ẹja, ẹ ka iye wọn, ẹ fún wọn ní oúnjẹ díẹ̀.
Ní alẹ́: ẹ tún fún wọn ní díẹ̀, ẹ yọ àjẹkù, ẹ pọn omi sílẹ̀ fún ọjọ́ tí ẹ óò lò ó.
Ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀: ẹ pààrọ̀ ìdá mẹ́rin omi kan.
Ní oṣooṣù: ẹ ya akọ kúrò lára abo, ẹ ṣa akọ tí ó dára jù sọ́tọ̀, ẹ kọ ìwé.

Àgbà bọ̀, wọ́n ní díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọ̀ rere ṣe ń wọ ara ẹja. Ẹni tí ó bá tọ́jú omi lónìí, tí ó ṣe ìwọ̀n oúnjẹ lọ́la, tí ó sì ṣa baba kí ó tó tọ́ ọmọ, kò ní fi ẹnu polówó ọjà rẹ̀. Àwọ̀ ẹja rẹ̀ yóò bá a polówó.